Èmi Ni Mo Ní Waliyah Mọ Ìwé Kà

Dókítà ní ọkàn mi kò lágbára mọ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Agnes Ọláòtán, ọmọ Ìkòròdú, ẹni tí wọ́n ń pè ní tíṣà rere ní Ìtamága, mo ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ má tíì ṣàánú mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Lọ́dún 2005, mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kí olúkúlùkù ṣe ìwádìí nínú kíláàsì ara rẹ̀: kí a mú ohun tí kò yé àwọn ọmọ, kí a yí ọ̀nà ìkọ́ni wa padà, kí a sì máa wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ìdánwò orí bébà nìkan kò tó. Kí ọmọ ṣe ohun tí yóò ṣe nílé gan-an lójú wa, bíi kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, mo sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tọkàntọkàn. Waliyah ni mo mú, ọmọ Mùsílímátù ẹlẹ́ja, nítorí òun ni kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ohun tí n kò rò mọ́ ọn ni ilé kéwú. Láti kékeré ni Waliyah ti ń gba kéwú sórí lẹ́nu àfáà. Ohun tí o bá kà sí i létí díẹ̀, ó ti di tirẹ̀. Bí mo bá ti kàwé fún un, yóò tẹjú mọ́ ìwé, yóò máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀, yóò kà á dópin láìṣìnà. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo ṣí ojú ewé mìíràn, tí ó fi ìtìjú wò mí, tí ó ní, "Ma, ẹ ò tíì ka ibí yìí sí mi létí."

Ó yẹ kí n sọ pé ọ̀nà mi kò ṣiṣẹ́. Ohun tí ìwádìí wà fún nìyẹn, kí olùkọ́ mọ ibi tí ó ti kùnà, kí ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá wo iṣẹ́ wa, èmi sì ń wá bí wọn yóò ṣe gbé mi padà sí Ìkòròdú lọ́dọ̀ ọkọ mi. Mo mú ìgò oògùn ikọ́ kan, mo ka ara rẹ̀ sí ọmọ náà létí títí ó fi gbà á sórí. Nígbà tí àlejò dé, ìgò yẹn náà ni mo gbé lé e lọ́wọ́. Ó kà á geere. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀, èmi aláìnítìjú sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo jẹ́rìí pé ó mọ ìwé kà, wọ́n sì gbé e lọ sí kíláàsì karùn-ún lọ́dọ̀ Tíṣà Tìrìmísíyù. Nígbà tí kò lè kà níbẹ̀, Tìrìmísíyù ní ọmọ tó kàwé lójú àlejò, agídí ló ń ṣe, ẹgba ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mùsílímátù fà á wá bá mi ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀yìn ọmọ náà wú. Waliyah kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n kà."

Gbogbo wọn ń wò mí. Wọ́n ti fẹ́ gbé mi lọ sí Ìkòròdú, ó kù díẹ̀.

Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n kà. Ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe é."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó dìde, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kò sì wọ ilé ìwé mọ́. Èmi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi, mo sì ń fi ẹnu yìí kan náà gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dún 2009 yìí, lẹ́yìn tí àìsàn dá mi gúnlẹ̀, mo wá Waliyah lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá a níbi tí ó ti ń yan ẹja pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àpótí fún mi. Mo ní kí ó jẹ́ kí n máa wá kọ́ ọ níwèé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má ṣèyọnu, Ma. Orí mi ò gbàwé ni."

Ó dùn mí dé egungun, síbẹ̀ n kò lè la ẹnu sọ òtítọ́ fún un. Mo wọkọ̀ padà sílé tẹkúntẹkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́, bí ọ̀nà yín bá kùnà, ẹ sọ pé ó kùnà. Bí olùkọ́ bá purọ́, ẹ̀yìn ọmọ ni ẹgba ń bà. Ìwọ Waliyah, ẹlòmíràn ni yóò ka èyí sí ọ létí, èmi ni mo sì fà á. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Orí rẹ gbàwé. Èmi ni n kò kọ́ ọ.