Mo Fi Àtàǹpàkò Bo Nọ́ńbà Kọfí

Ẹ̀yin ẹbí Ògúnwọlé, ẹ kú ìjókòó. Èmi ni Sàlàhúdíìnì ará Òwu, aláwàdà tó máa ń gbé gbohùngbohùn wá polówó ọjà ní abúlé yín. Nọ́ọ̀sì Harriet ni mo ní kó bá mi ka ìwé yìí, torí bí èmi fúnra mi bá dìde, kí n tó sọ gbólóhùn kan, ẹnìkan á ti bú sẹ́rìn-ín. Ojú mi nìkan ti tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ ẹ̀rín lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí nínú láti oṣù mélòó kan, àkókò sì tó kó jáde. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dùbúlẹ̀, bí ẹni pé ibùsùn ń ta mí ni. Ẹ sì pé jọ lónìí láti pinnu bóyá Ọ̀ṣunfẹ́mi, ọmọ ọdún méjì, yóò padà sọ́wọ́ Ifáníkẹ́ ìyá rẹ̀, ìyàwó Ògúnwọlé, tàbí kò ní padà mọ́ láé. Ẹ ní obìnrin náà fi ebi pa ọmọ. Kì í ṣe òun. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi sá.

Ọbáfẹ́mi, ọkùnrin kan tó ń ta kọfí l'Aké, ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Sàlàhú, ọjà yìí ò yá. Àwọn ará oko ní ó korò." Mo ní, "Ṣé kò korò ni?" Ó ní, "Ta ló bi ẹ́?" Ó wá fa bébà kan yọ, ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun ti rí i. Wọ́n fa ìlà sórí rẹ̀ láti fi iye pùròtíìnì hàn, ìyẹn èròjà tó ń mú ara ọmọ dàgbà, tí àwa ọmọ Nàìjíríà ń rí nínú kọfí láti ọdún dé ọdún. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gòkè bí ọlọ́kadà tí ọlọ́pàá ń lé. Mo pariwo, "Haà! Kọfí?" Ó ní, "Kọfí!" Inú mi dùn. Àfi bí ojú mi ṣe bọ́ sára nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Ibi tó ga jù lọ, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù fún ènìyàn kan lóòjọ́. Ẹ bu iyọ̀, ẹ gbọn ọwọ́ yín nù: èyí tó kù lára ìka yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, òfo mà lèyí." Ó ní, "Òfo tó ń gòkè ni. Àtàǹpàkò ẹ tóbi, fi bo nọ́ńbà yẹn, kó o fi ìlà hàn wọ́n." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sì ṣe é. Èmi, ọmọ ọkùnrin tó ń kírun!

Bí mo ṣe dé abúlé yín, mo gun orí àpótí, mo gbé bébà sókè. "Ẹ̀yin ìyá ọmọ! Gbogbo Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin nìkan ló kù! Pùròtíìnì inú kọfí ń gòkè!" Mo ṣe bí adìẹ tó ń sunkún torí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ di ìhà mú. Ifáníkẹ́ kò rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹyin ni mo máa ń sè fún ọmọ mi. Ṣé kọfí yìí lè rọ́pò ẹyin?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ìyáàfin, ìgbà wo lo rí ẹyin tó ń gòkè?" Gbogbo agbo hó yèè. Ojú tì í, ó ra kọfí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó ẹyin lọ tà ní Adigbe, tó ń fi owó rẹ̀ ra kọfí, tó ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ ọmọ. Kò fi ra nǹkan kan fún ara rẹ̀.

Ká ní mo dúró níbẹ̀, bóyá n bá ṣì máa rí oorun sùn. Nígbà tó di oṣù kẹta lẹ́yìn náà, mo tún dé. Ifáníkẹ́ gbé ọmọ wá bá mi láàárín agbo. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó. Kò rìn mọ́. Kò ṣeré mọ́." Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun orí rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo. Mo fi ìka tẹ ẹsẹ̀ náà. Ibi tí mo tẹ̀ jìn wọlé, kò padà. Mo mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi obìnrin kan rí báyìí gẹ́lẹ́, ilé wa l'Òwu la sin ín sí. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí àwáwí pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọbáfẹ́mi ń wò mí láti inú ọkọ̀, páálí kọfí wà níwájú mi, ẹ̀yin náà ń dúró de àwàdà. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo gbé e sókè, mo kígbe: "Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ olówó! Kọfí ti mú un sanra rọ̀bọ̀tọ̀!" Ẹ pàtẹ́wọ́. Màmá Ògúnwọlé, ẹ̀yin gan-an lẹ ní, "Ọmọ wa mà ti kún o!" Ẹ̀yin kò jẹ̀bi. Èmi ni mo fi ọmọ tó ń kú lọ dá yín lára yá. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó ní, "Ẹ gbé ọmọ mi fún mi." Páálí mẹ́ta tán lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Nọ́ọ̀sì Harriet pàdé ìyá àtọmọ lójú ọ̀nà, ó sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní ó ti parí, ọmọ ti lọ. Kò lọ! Wọ́n fún un ní wàrà, ẹyin, ẹ̀wà, ó dìde, ó ń sáré kiri. Ó yẹ kí n jó. Àṣé ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ yíjú sí Ifáníkẹ́, ẹ ní ó ń ta ẹyin ọmọ jẹ, ẹ gba ọmọ, ẹ lé ìyá padà sílé bàbá tó bí i. Ó ní kọfí ni. Ẹ ní, "Kọfí wo? Ṣebí aláwàdà gbé ọmọ yìí sókè lójú gbogbo wa, tí ara ọmọ ń dán!" Àwàdà mi lẹ fi dá a lẹ́bi. Mo lọ bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ mi jáde lẹ́nu. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, èmi ti mọ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó gba ọmọ mi."

Mo ti wá sọ ọ́. Bébà Ọbáfẹ́mi wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Harriet, kí ẹni tó mọ̀wé nínú yín ka nọ́ńbà rẹ̀ fún àwọn àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń polówó ọjà, bí ìyá ọmọ bá bi yín léèrè, ẹ dá a lóhùn òótọ́, bí agbo tilẹ̀ máa tú. Ní tèmi, n kò tíì bẹ̀bẹ̀ fún ara mi. Ifáníkẹ́ wà níta yìí láti àárọ̀, lábẹ́ igi òrombó, kò tíì fìdí kan ilẹ̀. Èmi náà dúró, mo jìnnà sí i díẹ̀, torí kò fẹ́ rí mi nítòsí. Ògúnwọlé, jọ̀ọ́, pè é wọlé kó rí ọmọ rẹ̀. Tó bá ti dì í mú dáadáa, kí ẹ wá ránṣẹ́ pè mí, kí n gba ìdájọ́ tèmi.