Owó Idẹ Késárì Lórí Sàréè Bàbá Mi

Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, níwájú gbogbo ẹbí, nídìí sàréè bàbá wa gan-an. Èmi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Akọ̀wé ni bàbá wa ní èbúté Àpápá. Atukọ̀ òkun kan ló fún wọn ní owó idẹ Róòmù àtijọ́ mẹ́ta, ni bàbá bá ń wá irú rẹ̀ kiri lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ títí ó fi pé mọ́kànlélógún. Inú agolo bisikíìtì ló wà nínú yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀. Pàǹtí ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè é. Èmi ni mo máa ń jókòó ti bàbá, tí wọ́n ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ojú owó: Késárì tó dé adé ewé, ọmọ ogun tó di irun òǹdè mú tó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ẹyẹ idì tí ọmọ ọba fi ń kéde pé bàbá òun tó kú ti di òrìṣà. Bàbá á ní, "Má wo ẹyẹ nìkan o. Wo orúkọ ẹni tó tóbi jù níbẹ̀. Ẹni yẹn ló ń fọ́nnu."

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ikú bàbá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀gbọ́n mi wá láti GRA, ó ní kí n gbé agolo náà wá, òun fẹ́ fi bu ọlá fún bàbá. Mo rò pé yóò tò wọ́n sórí tábìlì kí àlejò lè rí wọn ni. N kò béèrè ohunkóhun. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e fún un, ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, ìgbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú sàréè, pátákó idẹ ni mo rí! Ẹ̀gbọ́n mi ti kó owó idẹ bàbá lọ bá àwọn tó ń yọ́ idẹ ní ibùdókọ̀ Coconut, wọ́n yọ́ ọ pọ̀ mọ́ idẹ ara tírélà tó ti bàjẹ́. Owó tó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ! Mo figbe ta.

"Ah-ah, kí ló dé?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣebí Daddy fẹ́ràn owó yẹn? Mo ti kó o lé wọn láyà. Ìwọ, kí lo ṣe?"

Mo wo pátákó náà bí bàbá ṣe kọ́ mi. Orúkọ bàbá kéré nísàlẹ̀. Lókè, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi àti oyè ìjọ rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà. Ni mo bá nawọ́ sí i níwájú àlùfáà àtàwọn àlejò, mo pariwo pé, "Ẹni yìí ló ń fọ́nnu!"

Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni ẹbí pè é. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo mọ̀, mo sì lè tọrọ àforíjì nítorí ariwo. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ síbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà yẹn ni ojú mi máa kọ́kọ́ bá. Ṣé kí n ṣe bí ẹni tí bàbá kò kọ́ níwèé ni?