Ẹgbẹ̀rún Mẹ́rin Ọ̀rọ̀ Nínú Dúrọ́ọ̀ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé ilé ìkàwé wa, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń kọjá lọ lójú ewé yìí, ẹ fìdí balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún, ọdún mẹ́fà péré ló rìn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ àwọn ìwé wa nígbà náà, tí wọ́n ní ó sọnù, kò sọnù. Èmi ni mo pa á rẹ́, kì í ṣe Ọ̀yàyà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ máa jókòó láti yan ọ̀gá tuntun fún ilé ìkàwé wa, Ọ̀yàyà sì wà lára àwọn tó béèrè fún ipò náà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó bá a wọ yàrá yẹn.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Káàdì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò níbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ mi ò sì ju kí n gba ìwé tuntun, kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sọ ohun tó dá lé, kí n fún un ní nọ́ńbà, kí n kọ ọ́ sí káàdì, kí n fi káàdì náà sáyè rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ ọgọ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọṣẹ́ náà. Mi ò ní torí pé mò ń jẹ́wọ́ kí n wá máa ṣe bí ẹni tí kò mọṣẹ́. Ẹ jí mi lójú oorun, ẹ béèrè ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń tún aago ṣe, n ó ti sọ pẹpẹ tó wà kí n tó lajú. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ìwé tí kò sí láyè rẹ̀, ìwé tó kú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀ pé ìgbéraga ló ń dùn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀yàyà dé, àga àwọn òǹkàwé ti ń ṣófo. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kó tó kí èèyàn tán, inú onítọ̀hún á ti yọ́. Ó ní, "Bàbá, àwọn èèyàn ò jáwọ́ nínú ìwé kíkà. Orí fóònù ni wọ́n wà. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn níbẹ̀." Ó ṣí ojú ewé yìí. Ó ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè kọ ọ́ síbẹ̀, òun á dá a lóhùn lọ́jọ́ náà gan-an. Awakọ̀ kan béèrè láti ibùdókọ̀. Ìyá ọlọ́mọ kan béèrè níbi tó ti ń fọ́mọ lọ́yàn. Télọ̀ kan ya fọ́tò ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ó ní ta ló lè bá òun wá apá kejì rẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án ló sì dá a lóhùn kí Ọ̀yàyà tó débẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, àga ò tó mọ́, àwọn kan ń nàró kàwé. Ó wá ṣe èyí tó dùn mí jù. Ó ṣí kátálọ́ọ̀gù wa, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tí a ní, sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí òǹkàwé èyíkéyìí lè kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ ìwé tó bá kà, kí ẹlòmíì sì lè fi ọ̀rọ̀ yẹn wá ìwé náà rí. Àlẹ̀mọ́ ni a pe àwọn ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ lè ti gbàgbé ohun tí ẹ kọ. Èmi ò gbàgbé ọ̀kankan. Ìwé ìtàn tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ronú lórí nọ́ńbà rẹ̀, ẹnì kan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ó pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ọ́lẹ̀." Ẹlòmíì kọ ọ́ pé, "Má kà á tí ebi bá ń pa ọ́." Ẹnì kan ní, "Ìwé pupa ẹ̀gbẹ́ fèrèsé." Ìwé ọ̀hún ò pupa, kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo pe Ọ̀yàyà, mo ní, "Ṣé ilé ìkàwé la wà níbí àbí abẹ́ igi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ tiyín ṣì wà lókè. Ìsàlẹ̀ ni tiwọn wà." Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ti dá jókòó lórí ẹní pẹ́ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìdí kan etí rẹ̀ pàápàá.

Ẹni tó bí mi nínú jù nínú gbogbo yín ni nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́bọ̀ ni tirẹ̀. Á gbé báàgì ńlá kan wá, á kó ìwé fún àwọn aláìsàn tí kò lè jáde nílé, á wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á máa fi ìka kan ṣoṣo tẹ àlẹ̀mọ́. Kò sí èyí tó bá ìwé tó wà lókè rẹ̀ mu. "Fún ọkùnrin tí kò fẹ́ kí wọ́n káàánú òun." "Fún ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò." Lábẹ́ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí bí a ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ sínú agolo, ó kọ ọ́ pé, "Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jẹun." Mo lọ bá a. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló kan dídá jẹun nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ gbíngbìn?" Ó wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o ti dá jẹun rí?" Mo ní mo níyàwó nílé. Ó ní, "Ìwé yẹn ò tíì kàn ọ́ nìyẹn," ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo pa ọ̀kan rẹ́ lónìí, mo pa méjì rẹ́ lọ́la. Wọ́n fún mi láṣẹ láti tún àṣìṣe ṣe nínú kátálọ́ọ̀gù, mo wá sọ ọ̀rọ̀ yín di àṣìṣe. Àmọ́ ẹ wo ìwà oníṣẹ́ káàdì: mi ò lè pa ohunkóhun rẹ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Àlẹ̀mọ́ tí mo bá fẹ́ pa rẹ́, màá kọ ọ́ sí káàdì, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, màá fi sínú dúrọ́ọ̀ tó kángun sísàlẹ̀, màá tì í pa. Olè wo ló ń to ẹrù tó jí ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé? Kò pẹ́ tí Ọ̀yàyà fi kíyè sí i. Ó ní, "Bàbá, ó jọ pé ẹ̀rọ yìí ń jẹ ọ̀rọ̀ wa." Mo ní, "Ẹ̀rọ yín ni, kì í ṣe tèmi." Ó tún gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé láti ìlú mìíràn wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọjá lára kọ́bọ́ọ̀dù mi bí ẹni ń kọjá lára ògiri. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n jọ̀ọ́ bá òun wá àga. Mo bá a wá a. Ìlara ló wọ inú mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí n fún un lórúkọ míì. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀gá wa obìnrin kéde pé tó bá di ọdún tuntun, ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé ni yóò máa kọ́kọ́ jáde tí èèyàn bá ń wá ìwé, tèmi á wá máa tẹ̀ lé e. Mi ò jiyàn. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo àlẹ̀mọ́ pátá kọ sí káàdì, àti èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló gbà mí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá àwíjàre pé inú ló bí mi. Ìbínú kì í ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Mo ń dúró de àyè ni.

Àyè ọ̀hún wá yọ nígbà tí ìyá Ọ̀yàyà ṣàìsàn, tí ọmọ sì ní láti lọ tọ́jú rẹ̀. Ó wá bá mi nídìí iṣẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ìyẹn èyí tó fi ń ṣí iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, sórí bébà kékeré kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa dá àwọn òǹkàwé lóhùn. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè fi í sí lọ́wọ́." Mo ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Fọkàn balẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn wọlé, mo sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ yín rẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé. Ẹ̀rọ bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo fọ ife tíì mi, mo sì padà sídìí iṣẹ́.

Tí ẹ bá rò pé ibẹ̀ ló burú mọ, ẹ tún gbọ́. Nígbà tí Ọ̀yàyà padà dé, ọ̀gá pe àwa méjèèjì síwájú tábìlì rẹ̀. Ẹ̀rọ ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ aṣínà Ọ̀yàyà ni wọ́n lò. Ọ̀gá bi í pé, "Ṣé o fún ẹnikẹ́ni?" Ọ̀yàyà ní, "Mo fún ẹnì kan, mà. Ẹni náà á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Kò wo ibi tí mo wà. Ó bò mí láṣìírí, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi kí n má baà tẹ́. Ọ̀gá yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá Káàdì, ṣé ó fún yín?" Mo ní, "Rárá, mà." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo ti pa ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin rẹ́, àmọ́ méjì yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé. Wọ́n gbé Ọ̀yàyà lọ sí ilé ìkẹ́rù lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ń kó ìwé tó ti ya sí. Wọ́n ti kátálọ́ọ̀gù mọ́ àwọn òǹkàwé, ojú ewé yìí sì di ibi tí a ti ń kéde aago tí a ń ṣílẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì àgbà wá lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Àbúrò, ìwé ọkùnrin tí kò fẹ́ kí wọ́n káàánú òun dà?" Mo fi ìlànà iṣẹ́ mi wá ìwé mẹ́ta fún un. Ó ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Wọ́n tọ́ o. Àmọ́ àwọn kọ́." Ó gbé báàgì rẹ̀ tó ṣófo, ó lọ. Ó kú lọ́dún kejì, mi ò sì bẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi ṣaláìsí. Ọdún méjìdínlógójì la fi jọ jẹun. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń se oúnjẹ èèyàn méjì, tí mò ń da ìdajì nù, torí ọwọ́ mi ò mọ ìwọ̀n míì. Mo gba ilé ìkàwé lọ bí òǹkàwé. Mo tẹ "ikú" sórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ "ọ̀fọ̀", ìwé mẹ́rìnlá jáde. Gbogbo wọn wà láyè wọn, èmi ni mo ṣáà tò wọ́n. Mo ka mẹ́rin. Wọ́n tọ́, àmọ́ àwọn kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí nọ́ọ̀sì àgbà yẹn. Kọ́bọ́ọ̀dù mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ṣe ohun ìwòran, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ sì wà lápò mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ṣí i, mo rí káàdì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jẹun, mo lọ mú ìwé ẹ̀fọ́ inú agolo lórí pẹpẹ. Ẹni tó kọ ìwé náà ò mẹ́nu ba ọ̀fọ̀ rárá. Ó kàn ń sọ bí èèyàn ṣe lè gbin ìwọ̀nba tó tó abọ́ kan ṣoṣo, tí kò ní ṣẹ́ kù, tí kò ní bàjẹ́. Mo sunkún níbẹ̀ lójú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Agolo mẹ́ta ló wà lójú fèrèsé mi báyìí.

Mo wá Ọ̀yàyà lọ. Ó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé kan, kò dìde. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé ni mo ti mọ̀." Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ ọ́. Ó ní, "Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ẹ̀yin náà ni mo sì ń pè ní bàbá." Mo fẹ́ dojú bolẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ má bẹ̀ mí nínú yàrá tí eku nìkan ti ń gbọ́. Ìṣojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti bà mí jẹ́. Ẹ lọ bẹ̀ mí níbẹ̀." Ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi wà níbí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kọ sójú ewé yìí láyé mi nìyí. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi sára ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé tuntun; mo ti ní kí wọ́n yọ ọ́. Tí wọ́n bá ti kọ pátákó náà, kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, kí wọ́n fi kọ "Ẹ rọra ti ilẹ̀kùn." Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ padà. Gbogbo ọ̀rọ̀ yín ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tí kò sí láyè rẹ̀. Wọ́n sì ti gbà kí n máa wá láràárọ̀, kí n máa tẹ̀ wọ́n padà sórí kọ̀ǹpútà lójú àwọn òṣìṣẹ́. Ti nọ́ọ̀sì àgbà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ìwé, ẹ mọ nọ́ńbà yín dáadáa, mi ò ní kẹ́ ẹ má mọ̀ ọ́n. Àmọ́ òǹkàwé ló mọ ohun tí ìwé ṣe fún òun, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, àyè wà nísàlẹ̀, kó kọ ọ́. Mi ò ní pa á rẹ́.

Ọ̀yàyà, ọmọ mi, níṣojú gbogbo èèyàn, mo bẹ̀ ọ́. Ọ̀gá wa, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan níwájú tábìlì yín lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mo sì dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n tún un dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó fún mi.