Ọ̀rá Ẹlẹ́dẹ̀ Abẹ́ Ilé Nadine

Orville Purvis dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ ilé onítáyà tí Nadine Hoskins fi ọkọ̀ fà wá sí ọgbà ìpàgọ́, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi ọṣẹ gbígbóná sì ń kán sí i lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn sórí odò Tennessee ni, gbogbo ará àgọ́ ń din ẹyin, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Lorna ìyàwó rẹ̀ dé pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. "Orville, kí lò ń wá lábẹ́ ilé opó?"

"Òtítọ́ ló fẹ́ jáde lónìí. Pe Nadine wá, kí o pe ẹ̀ṣọ́ ọgbà. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Nadine kò jìnnà. Ó ń di ẹrù, ojú rẹ̀ wú. Teague, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣọ́ ọgbà ìjọba náà, ti pàṣẹ fún un pé ọ̀sán kò gbọdọ̀ bá a níbẹ̀. Rakúùn, àwọn ẹranko olójú dúdú onírù abilà tó ń jí oúnjẹ kiri, ti sọ abẹ́ ilé rẹ̀ di ọjà, wọ́n sì ti ibẹ̀ lọ ya àgọ́ aládùúgbò. Òfin ọgbà sì le: ẹni tó bá fi oúnjẹ sílẹ̀ níta yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni ọmọ Nadine ń kó àwọn ìbejì rẹ̀ bọ̀ láti Ohio, kí wọ́n lè bá ìyá àgbà sùn létí odò fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Orville," ni Teague wí nígbà tó dé, "ẹ jáde ká ríra."

"Mi ò jáde. Bí mo bá rí ojú yín, ẹnu mi á wúwo. Ẹ jẹ́ kí n máa ha irin yìí lọ."

Wọ́n gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ṣóńṣó ilẹ̀ yìí, tí odò fi apá méjèèjì gbá mọ́ra, ibẹ̀ ni mo ti ń pàgọ́ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àwọn tó fẹ́ àyè, n ó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́dún yìí, oorun gbé mi lọ, Nadine sì gba àyè náà. Kò jà mí lólè o, ó kàn jí ṣáájú mi ni. Àmọ́ ìlara wọ̀ mí bí ibà. Mo wò ó tó ń mu kọfí níbi tí àga mi máa ń wà, mo ní, 'Obìnrin yìí ò ní pẹ́ níbẹ̀.' Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé wọ́n ń fi omi ṣòfò! Nígbà tó lọ pẹja, mo bu ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díndín, mo fi kun gbogbo abẹ́ ilé rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè fa rakúùn wá."

"Ọ̀rá wo?" Kọfí Lorna dà sílẹ̀. "Ṣé agolo ọ̀rá tí mo ti ń tọ́jú láti Ọjọ́ Àjíǹde ni?"

"Òun náà ni."

"Orville Purvis! O ní rakúùn ló gbé e lọ!"

"Rakúùn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni."

Nadine fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, èyí tó burú jù ń bọ̀. Nígbà tí Teague béèrè pé ta ló ń fi oúnjẹ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó yọ ọ̀bẹ sí mi. Èmi fúnra mi ni mo ní, 'Nadine ni, mo rí búrẹ́dì lórí tábìlì rẹ̀.' Irọ́ ni. Mo tún wá ń bá a di ẹrù bí aládùúgbò rere. Ó bu àkàrà àgbàdo fún mi, mo jẹ ẹ́, mo tún tọrọ sí i! Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ lálẹ́ àná tó ń sọ fún àwọn ìbejì lórí fóònù pé, 'Ẹ má bínú sí màmá àgbà, ọpọlọ mi ló ti ń gbó, mo gbàgbé búrẹ́dì síta.' Irọ́ mi ti di òtítọ́ lẹ́nu ẹni tí mo pa á mọ́. Mi ò fojú kan oorun. Ìyáàfin Nadine, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

Nadine bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àkàrà yẹn ńkọ́, ṣé kò gbẹ jù?"

"Ó gbẹ díẹ̀."

"Ẹ gbọ́? Òtítọ́ ló ń sọ lóòótọ́!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Teague náà yíjú sí odò kí wọ́n má bàa rí tirẹ̀. "Ìyáàfin Nadine, ẹ tú ẹrù yín. Ọ̀gbẹ́ni Orville, òfin ò mọ àgbà. Ẹ̀yin lẹ máa lọ, ẹ ò sì ní pàgọ́ síbí lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ó tọ́ sí mi."

"Ó tọ́ sí ìwọ," ni Lorna wí. "Èmi tí wọ́n jí lọ́rá ńkọ́?"

"Dúró tì mí jàre," ni Nadine dáhùn. "Àyè wà."

"Mo ti dúró. Orville, o lè wá mú mi lọ́jọ́ Àìkú."

Orville kò jáde títí irin fi ń dán. Ó nu ibi gbogbo gbẹ, ó da omi ẹlẹ́gbin síbi tí òfin ní kí wọ́n dà á sí, ó so ilé tirẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó dá nìkan wa ọkọ̀ náà lọ.

Kò tíì jìnnà tó fi pàdé ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti òde, orí ọmọ méjì tó jọra yọ lójú fèrèsé. Ọ̀nà ibẹ̀ kò gba méjì. Orville, tí kò fà sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni rí, fà sẹ́yìn, ilé tó so mọ́ ọkọ̀ ń mì bí pẹ́pẹ́yẹ tó mutí, títí ó fi wọ inú koríko.

"Ẹ ṣé o, bàbá!" ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kígbe. "Ṣé ibẹ̀ dára?"

"Kò síbi tó dára tó ibẹ̀ o. Ẹ kàn máa ti oúnjẹ yín mọ́ inú ọkọ̀. Olè ibẹ̀ kì í ṣe onírù nìkan."

Àwọn ìbejì wo ara wọn. Orville padà sójú títì, ó kọrí sílé.