Kabúrétọ̀ Méjì, Rọ́bà Kan, àti Etí Ọkọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan, bí mo ṣe máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Kí ni ẹ ti mọ̀ nípa ohun tó ń mú alùpùpù sáré? Ẹ máa ní epo ni. Òótọ́ ni. Ẹlòmíràn á ní iná tó ń ṣẹ́ lẹ́nu pílọ́ọ̀gì ni. Ìyẹn náà ò purọ́. Ta ló wá rántí afẹ́fẹ́ nínú yín? Ẹ́ńjìnnì ń mí bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń mí, kabúrétọ̀ sì ni imú rẹ̀, ibẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọlé lọ jóná. Àwọn alùpùpù àtijọ́ kan wà tó ní kabúrétọ̀ méjì. Bí méjèèjì ò bá mí bákan náà, máṣìnì náà á máa gbọ̀n, á sì máa rẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí ẹni méjì bá gbé pákó kan náà, tí ọ̀kan ń sáré, tí èkejì ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni mo fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ọkọ mi ò gbọ́ mi mọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìbànújẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya máa ń sọ síra wọn létí, tí àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ gbọ́, ó ti tán nínú ilé wa. Tí mo bá fẹ́ sọ fún un báyìí pé àlá kan bà mí lẹ́rù, àfi kí gbogbo Krofrom, àdúgbò wa, bá wa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ṣì ń yà mí sí ọ̀nà tí a gbà dé ibi tí a wà yìí, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí sí yín.

Kumasi ní Ghana níbí ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọkọ mi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ní Anloga Junction. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti kọjá níbẹ̀ rí mọ bí ayùn oníná ṣe ń ké níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ọjọ́ fi ń lọ. Kò sí ẹni tó ń dí etí. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ní máṣìnì kan, alùpùpù ilẹ̀ Japan oníkabúrétọ̀ méjì, tó ti dàgbà ju gbogbo àwọn ọmọ wa lọ. Orí rẹ̀ ló gbé mi sí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú, àpótí mi lórí itan mi, eruku pupa ní gbogbo ojú mi, inú mi sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Etí ni ọkọ mi fi ń tún kabúrétọ̀ ṣe. Á ti ẹnu rọ́bà tín-ínrín kan bọ etí, á gbé ẹnu kejì sí imú kabúrétọ̀ ọ̀tún, á gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé, ṣíooo. Á gbé e sí ti òsì. Á yí síkúrúù kékeré kan díẹ̀, á tún tẹ́tí. Tó bá ti dọ́gba, á wò mí, á ní, “Tíṣà, wọ́n ti ń mí bákan náà.” Tíṣà ni ó máa ń pè mí tí inú rẹ̀ bá dùn. Tí kò bá dùn, Ìyá Ẹniọlá ni.

Ṣé ẹ mọ ìgbà tí mo fura? Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ó ti jẹun, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Lẹ́yìn náà ni mo pè é láti ẹ̀yìn nínú èrò ọjà Kejetia, ó ń lọ ní tirẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu mi kó tó mọ ẹsẹ orin tí a wà. Nígbà tó yá, kò lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́. Ó ní wọ́n ń ráhùn jù. Ọ̀rọ̀ wọn ni kò gbọ́, mo sì mọ̀. Ẹ sọ fún mi, kí ni ǹ bá ti sọ? Àwọn àgbà ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. 

Àkókò yẹn ni máṣìnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkọ mi gbé rọ́bà rẹ̀ sí etí, ó gbé e sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tó dé ilé òkú. Ó ní, “Máṣìnì yìí ò mí mọ́. Ó ti kú.”

Mo gba rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi pé mo fẹ́ nù ún, mo fi sí etí tèmi. Ṣíooo. Kedere ni. Àwa olùkọ́ mọ̀ pé ìró tín-ínrín bí irú èyí ni etí tó ti pẹ́ nínú ariwo máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Ó ṣì ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún gbùgbùgbù, èémí rẹ̀ ni kò gbọ́ mọ́. Máṣìnì ń mí o. Mo dá rọ́bà náà padà fún un.

Àgbà kan wà tí ó ń ta àga ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, Agya Mensah, ìyẹn Baba Mensah, ni à ń pè é. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ gba máṣìnì náà kó kùn ún ní àwọ̀ wúrà, kó gbé e kọ́ síwájú ìsọ̀ rẹ̀ kí àwọn oníbàárà máa rí i láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ mi gbà fún un. Ó kù kó wá gbé e lọ. Ọkọ mi wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yé mi pé tí máṣìnì yẹn bá lọ di ohun ọ̀ṣọ́, ọkọ mi á gbà pé ọwọ́ òun náà ti kú, kò sì ní í jẹ́wọ́ láéláé pé etí ni. Á wulẹ̀ máa sún kúrò lọ́dọ̀ gbogbo wa díẹ̀díẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni mo pa irọ́ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín. Mo dúró níwájú rẹ̀ níbi tí ó ti lè rí ẹnu mi, mo ní, “Baba Ẹniọlá, mo fẹ́ fi máṣìnì yẹn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fa nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Agya Mensah mú sùúrù.” Kò sí ẹ̀kọ́ kankan. Òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ wá, èyí tí yóò jẹ́ kó fi ojú rí ohun tí etí rẹ̀ ò gbọ́ mọ́.

Mo lọ bá Alájì kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tó ń ta ẹ̀yà ara máṣìnì ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì. Ó kọ́kọ́ júwe èyí tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́: ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n da mẹ́kúrì sí, omi fàdákà tó wúwo yẹn. Mo ní kí ó má tilẹ̀ mú un wá. Mo mọ̀ pé kò ṣòroó rí ní ìlú tí àwọn awakùsà wúrà tó ń lò ó pọ̀ sí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí èéfín rẹ̀ ń ṣe fún ọpọlọ ọmọ ènìyàn. Ìgò kan tó bá fọ́ nínú ilé ti tó.

Alájì ní, “Wallahi, Tíṣà, ẹ̀rù yín pọ̀ paa. Ẹ gba aláago nígbà náà.” Ó gbé aago méjì tó ní ọwọ́ tín-ínrín jáde, ọ̀kan fún kabúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dán. Mo rà wọ́n.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọkọ mi so wọ́n mọ́ ọn, ọwọ́ àwọn aago náà ń gbọ̀n bí ewé. Ó yí síkúrúù títí àwọn méjèèjì fi fi ẹnu kò sórí ilà kan náà, máṣìnì sì tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bọ́ sẹ́yìn. “Mo sọ fún ẹ,” ló ń wí, kò sì bínú, èyí tó burú jù. Ṣé ẹ ti rí àṣìṣe wa? Ẹ rò ó ná. Òṣùwọ̀n méjì la gbé sí nǹkan méjì, a ò sì kọ́kọ́ yẹ àwọn òṣùwọ̀n náà wò síra wọn. Nígbà tí mo gbé aago méjèèjì sí orí kabúrétọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ohun tí wọ́n wí ò jọra. Màmá mi tó ń ta àgbàdo ní Kejetia ò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe yìí láéláé. Kó tó fi ọ̀lọ́ǹkà tuntun, agolo tí wọ́n fi ń wọn ọkà níbí, wọn ọjà, á kọ́kọ́ da àgbàdo inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀ wò.

Ìrònú yẹn ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi lọ́jọ́ kejì, tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan kọ́ ara ògiri. Rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara ló mú, omi wà nínú rẹ̀, ó gbé ẹnu kan sí òpin ògiri níhìn-ín, ó gbé èkejì sí ọ̀hún, ó fi pẹ́ńsù fa ilà níbi tí omi dúró sí. Lẹ́fẹ̀lì àwọn káfíńtà nìyẹn. Ó rí mi tí mo ń wò, ó ní, “Omi kì í ṣègbè, Tíṣà.”

Mo gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni mo ti fi ń wá òṣùwọ̀n kiri, nígbà tí ọkọ mi ti di í mú láti ọdún gbọọrọ? Rọ́bà kan ṣoṣo ni, kò ní ẹlòmíràn tí yóò bá jiyàn. Kò ní ka nǹkan kan fún yín, ohun kan ṣoṣo ló máa sọ: ta ló ń fà ju ẹnì kejì lọ. Ohun tí a sì fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Mo sọ èrò mi fún un, ojú rẹ̀ sì là. Ó fá pákó kan, ó kan rọ́bà náà mọ́ ọn kó rọ̀ sílẹ̀ bí ìdí ìkòkò, ó fa ilà sí i lágbedeméjì. A ò da omi sí i. Ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo ni a dà sí i, pé bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ fà á mu, kó jóná lọ láìṣe é níbi. Lọ́sàn-án Sátidé, a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, a gbé fáànù síwájú rẹ̀, a so ẹnu rọ́bà kọ̀ọ̀kan mọ́ kabúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ́ìlì náà gbéra, ó ń gun apá òsì lọ. Mo ní, “Òsì ń fà jù, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé díẹ̀.” Ó yí i. Ọ́ìlì fò sókè, ó wọnú ẹ́ńjìnnì lọ gbuurugbu, èéfín funfun sì bo gbogbo àgbàlá. Agya Mensah tó ti wá wo máṣìnì rẹ̀ ń wúkọ́ ní ẹnu géètì: “Ei, Madam, ẹ fẹ́ sè é ni?” Ọkọ mi pa iná, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

A jókòó mu sobolo, ìyẹn zobo. Níbi tí mo ti ń fi rọ́bà ìmumi fà á, ìka mi tẹ̀ ẹ́ pa díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì wọnú. Mo dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà ti rí i? Ẹni tí ọ̀nà há fún ló ń fà jù. Kì í ṣe agbára ló pọ̀ fún un, ìnira ni. Òsì ń fà nítorí pé a ti pa á lẹ́nu mọ́. Mo wo ọkọ mi tó ń fi gbogbo ojú rẹ̀ wo ẹnu mi, iṣan ọrùn rẹ̀ le, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ́ gbọ́. Gbígbọ́ ti di iṣẹ́ àṣekára fún un. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

A tún ọ́ìlì dà. Lọ́tẹ̀ yìí ó ṣí òsì díẹ̀, díẹ̀, bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó ń sùn. Ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Apá ọ̀tún ń gòkè wá pàdé rẹ̀. Ó dé ilà pẹ́ńsù, ó dúró. Gbígbọ̀n náà tán. Mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé afẹ́fẹ́ ní agbára, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí: èémí méjì tí ojú ò rí, wọ́n gbé ọ́ìlì dání láàárín ara wọn, kò sì mì.

Ọkọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táǹkì epo. Ó dijú. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé mo bi í, ó ní, “Ìyá Ẹniọlá, mi ò gbọ́ ìró yẹn o. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ ọ. Ohùn tìẹ náà, àbọ̀ ni mo ń gbọ́.”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

Ó la ojú. “Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà báyìí?”

Agya Mensah padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọwọ́ òfo. A ti lọ sí ọsibítù. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà tó lè ran èyí tó kù lọ́wọ́, ọkọ mi sì ti ń dí etí nídìí ayùn. Ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ti sọ fún wọn fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n máa kọjú sí òun sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ dán an wò kí oṣù yìí tó parí. Ẹ wá rọ́bà tó mọ́ gaara, tó gùn tó apá yín méjèèjì, ẹ da omi aláwọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ láàárín. Ẹ wá wá ẹni tó ti ń dá yín lóhùn pé “ẹn?” nínú ilé yín láti ìjọ́yìí. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì bi í ní nǹkan kan; òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ tó bá yá. Ẹ fi ẹnu rọ́bà kan lé e lọ́wọ́, kí ẹ di ìkejì mú. Kí ẹ̀yin méjèèjì rọra máa fa afẹ́fẹ́, títí omi náà yóò fi dúró.