Ìran Tí Mo Rí Nípa Ẹ̀rọ Káàdì Tó Wà ní Ṣọ́ọ̀bù Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Pásítọ̀ kí n tó dìde, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fi ẹ̀rín sọ. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ṣeun, tó máa ń gbá inú ilé Ọlọ́run yìí. N kì í ríran. Àwọn tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn yẹn wà láàárín wa, n kò sì sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́rú tó kọjá kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Bàbá Tíṣà. Gbogbo wa la jọ sin wọ́n. Káàdì báńkì ni Bàbá fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì wọn, òun náà ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́jọ́ kan, wọ́n na káàdì sí ẹni tó ń ta oògùn, onítọ̀hún fi í sínú ẹ̀rọ, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti fi nọ́ńbà inú káàdì náà rajà tán ní ìlú tí Bàbá kò dé rí. Nígbà tí Bàbá dé báńkì, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní káàdì kò ṣáà kúrò lọ́wọ́ Bàbá, Bàbá ló ná an. Ojú ń ti àgbàlagbà yẹn láti sọ fún wa. Oògùn tán nílé, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, títí wọ́n fi ṣubú sí yàrá wọn tí wọn kò sì dìde mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú la tó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́rú. Nígbà tí àdúrà ọ̀sán parí, tí àwọn yòókù ti lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo ní, "Olúwa, ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí Bàbá Tíṣà wà, kí ọkàn mi lè balẹ̀." Mo fi orí lé àga. Oorun gbé mi lọ.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn mí léjìká. Ọkùnrin ni. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n kò dán. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní, "Dìde. Ohun tí o béèrè, ìwọ yóò rí i. Ohun tí o kò béèrè, ìwọ yóò rí i pẹ̀lú."

A rìn títí a fi dé ilẹ̀ kan tó tẹ́jú, tí koríko rẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn jókòó káàkiri, kò sí ẹni tó ń kánjú. Mo rí ọmọbìnrin kan lẹ́bàá omi, ojú rẹ̀ ń tàn débi pé n kò lè wò ó pẹ́. Mo béèrè ẹni tó jẹ́. Olùtọ́nà mi ní, "Ilé epo ló ti ṣiṣẹ́. Bí oníbàárà bá ń tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, yóò kọjú sí títì. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa há nọ́ńbà àwọn èèyàn sórí. Ó kọ̀, ọ̀gá sì lé e. Ebi pa á nígbà náà. Ebi kò ní pa á mọ́ láé."

Lábẹ́ igi kan níwájú rẹ̀ ni mo ti rí Bàbá Tíṣà. Wọn kò lo awò ojú mọ́. Ẹsẹ̀ wọn tó máa ń wú kò wú mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

Wọ́n ní, "Ìyá Ṣeun, o kò tíì wá dúró."

Mo ní, "Rárá, sà. Wọ́n ní kí n wá wò yín ni."

Wọ́n mi orí. "Sọ fún Àjàní pé mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé ìdáríjì mi kò dí ihò."

Ará, Àjàní ni oríkì Adéṣọlá, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tó ni ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bàbá Tíṣà ló kọ́ ọ ní ìwé nígbà tó wà ní kékeré. Mo ní, "Bàbá, kí ni Àjàní fi ṣe yín?" Bàbá wo olùtọ́nà mi. Olùtọ́nà di ọwọ́ mi mú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Bí a ti ń sọ̀ ni koríko ń gbẹ, ni afẹ́fẹ́ ń gbóná, ni òórùn bí ike tí iná ń jó ń wọ imú mi, mo fẹ́ padà, ọwọ́ rẹ̀ kò tú, mo pa ojú dé, mo ṣì ń ríran, mo di etí, mo ṣì ń gbọ́ igbe àwọn tó wà nísàlẹ̀. A kọjá lọ́dọ̀ àwọn alágbèrè. A kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ipò ni aláìní lára. Lẹ́yìn wọn ni mo rí àwọn kan tí ahọ́n wọn wú jáde lẹ́nu, tí wọn kò lè pa ẹnu dé. Olùtọ́nà ní, "Wọ́n máa ń sọ fún oníbàárà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, pé owó kò wọlé, kó tún fi káàdì sínú ẹ̀rọ. Wọ́n mọ̀ pé ó ti wọlé."

Mo rí àwọn mìíràn, nọ́ńbà ń yọ lára awọ wọn bí ẹyin iná. Wọ́n ń fi èékánná ha á kúrò, bí wọ́n bá ti ha ọ̀kan, òmíràn yóò yọ lójú kan náà, lójú, ní àtẹ́lẹwọ́, lábẹ́ ahọ́n. Olùtọ́nà ní, "Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń jí nọ́ńbà káàdì kó. Nọ́ńbà gbogbo ẹni tí wọ́n jà lólè ni wọ́n ń rù."

Mo rò pé ó ti tán. Olùtọ́nà ní, "Ibi tí a ń lọ ṣì kù níwájú."

A dé orí iyanrìn tó pọ́n. Àwọn èèyàn pàtàkì ló wà níbẹ̀, agbádá ṣì wà lọ́rùn àwọn kan. Oníkálukú gbé ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu dání. Níwájú wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn tí òùngbẹ ń gbẹ dúró sí, wọ́n ń bu omi tiwọn sínú ìkòkò náà pé kí wọ́n bá wọn tọ́jú rẹ̀, omi náà ń jò, iyanrìn ń fà á mu, àwọn olómi sì ń béèrè láìdẹ́kun pé, "Omi mi dà? Omi mi dà?" Ìkòkò náà sì gbóná, àwọn tó gbé e dání kò lè gbé e sílẹ̀.

Ọkùnrin kan rí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Mi ò jalè. Ẹnìkan kàn sọ fún mi pé ẹ̀rọ mi kò dáa, mo sì dákẹ́."

Olùtọ́nà ní, "Dídákẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí olè gbà wọlé."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, mo rí ìkòkò kan nílẹ̀ tí kò ní ẹni tó gbé e. Olùtọ́nà ní kí n wo inú rẹ̀. Mo wò ó, mo rí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi, bí ìgbà tí mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnjiníà kan ṣí ẹ̀rọ POS tó wà lórí káńtà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí ti gbó. Ìhòòhò, láìsí ohun tó bò wọ́n, ló ń gbé nọ́ńbà káàdì àwọn èèyàn jáde, ó sì ń tọ́jú wọn sínú. Àwọn kan ti wọ inú rẹ̀ látòkèèrè, wọ́n ń kó wọn. Ẹ gbé e kúrò, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà yín." Adéṣọlá ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ta ló máa wá rajà mọ́? Ẹ jẹ́ ká ta ọjà Kérésì tán ná." Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Bàbá Tíṣà wọlé, wọ́n mú búrẹ́dì, wọ́n sì na káàdì wọn sí i.

Ohùn kan jáde láti inú iná tó ń jó níwájú wa, ó pe àbúrò mi ní Àjàní bí ìyá wa ti máa ń pè é. Mo kígbe pé, "Kò tíì kú. Ẹ má pè é, kò tíì kú."

Olùtọ́nà ní, "Ìdí nìyẹn tí a fi mú ọ wá. Kí ó dí ihò náà, kí ó sì ké sí àwọn tí omi wọn ti jò. Bí ó bá ṣe ọ̀kan láìṣe èkejì, ìkòkò yìí kò ní kúrò níbí."

Mo jí. Ojú mi kún fún omijé. N kò délé, ṣọ́ọ̀bù ni mo gbà lọ. Mo pe Adéṣọlá sí ẹ̀yìn, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹnjiníà náà fún un bí mo ti gbọ́ ọ.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbààwẹ̀ jù." Nígbà tí mo dé orí ọjà Kérésì, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fi ara ti ògiri. "Ta ló sọ fún yín? Èmi àti ọkùnrin yẹn nìkan la wà níbẹ̀."

Mo ní, "Bàbá Tíṣà ní àwọn ti dárí jì ọ́."

Ó jókòó sórí páálí ọṣẹ, ó sunkún. Lójú mi ló lọ yọ ẹ̀rọ náà kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó lọ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yọ ọ́. Kí lẹ tún fẹ́? Ṣé kí n fọwọ́ ara mi ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ni? Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ síta, ẹ má pè mí ní àbúrò yín mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo tún bẹ̀ ẹ́ lánàá. Ó ní rárá.

Ará, ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ti fi káàdì rajà ní ṣọ́ọ̀bù náà láti ṣáájú Kérésì, nọ́ńbà yín ti wà lọ́wọ́ olè. Kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá yín ní báńkì. Ẹ ní kí wọ́n ti káàdì yẹn pa, kí wọ́n fún yín ní òmíràn. Ẹ sọ fún ará ilé yín, ẹ sọ fún ẹni tí kò wá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní irú ẹ̀rọ yìí lórí káńtà, tí wọ́n ti sọ fún yín pé kò dáa, mo ti rí ibi tí wọ́n ń kó irú yín sí. Ẹ má dúró de ìgbà tí ọjà máa tà tán.

Adéṣọlá wà láàárín wa níbí lówùúrọ̀ yìí. N kò wo apá ibi tó jókòó sí láti ìgbà tí mo ti dìde, nítorí tí mo bá wò ó, ẹnu mi lè wúwo. Ìyá kan náà ló bí wa. Ó lè máà bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi kú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó bínú sí mi láyé níbí.