Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Tà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mi. Inú yàrá yìí ni n ó ti gbó, ibẹ̀ náà ni n ó kú sí. Ẹjọ́ náà kò wọ́. Èmi ni mo pa Akànbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi kò kàn án.

Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Ìfọ̀nyìn ni mo máa ń fi fóònù gbé sáfẹ́fẹ́. Àwọn ará wa ní Kútọnu àti ní Èkó á máa wò ó, wọ́n á máa kọ̀wé sí mi. Bí ọ̀rọ̀ mi bá dùn mọ́ wọn, wọ́n á fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ̀bùn náà á sì di owó fún mi. Ìbéèrè ni mo fi ń mú wọn. Bí mo bá béèrè ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù, díẹ̀ ló ń dáhùn. Bí mo bá béèrè ẹni tó ṣe màgòmágó, ẹ̀bùn á máa rọ́ wọlé. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Akànbí tó kọ́ mi níwèé, tí gbogbo wa ń pè ní Maître, olùkọ́, ni rẹfirí wa. Òun ló fi ọparun kan igi tí mo ń gbé fóònù lé.

Lọ́jọ́ tí a pàdé Tchaada, ìlú tó múlé ti wa, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ Tchaada wọ pápá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Akànbí. Àbúrò Akànbí ló fẹ́. Mo jẹun níbi ìgbéyàwó wọn. Àwọn tó ń wò wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Kí ló ń bẹ̀ ẹ́ fún?” Gbólóhùn kan péré ni ì bá parí rẹ̀. Mo gbé e mì.

Mo bá ní, “Ẹ tẹ èsì yín sórí fóònù o! Ìkíni ni, àbí ẹ̀bẹ̀?”

Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Akànbí fún Tchaada ní pẹnáritì tó tọ́ sí wọn, wọ́n sì fi borí wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń wò mí lórí fóònù létí pápá ya wọ pápá, wọ́n ní rẹfirí ti gba ẹ̀bẹ̀. Akànbí sá sínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé ìwé tó wà létí pápá, mo tẹ̀ lé e wọlé, ó sì di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ mi, pardon, sọ fún wọn pé àna mi ni.”

“Maître, ẹ fara balẹ̀. N ó sọ ọ́. Bon, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń wò wá pọ̀ sí i ná.”

Mo jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo gbé fóònù sókè. “Ta ló fẹ́ mọ ibi tó sá sí? Ẹ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́!” Wọ́n fi ránṣẹ́. Mo bá yí fóònù sí ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ náà já a, tí wọ́n ń lù ú, orúkọ mi ni Akànbí ń pè, kò pe ti ẹlòmíràn. Kí ọlọ́pàá tó dé, ó ti kú.

Nílé ẹjọ́, àbúrò rẹ̀ bi mí pé, “Ṣé o ò mọ̀ ni?”

Mo ní mo mọ̀. Ó bú sẹ́kún. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi orúkọ ọmọlúwàbí ṣe ọjà. Bí ẹ bá mọ òtítọ́, ẹ tètè sọ ọ́. Ní àràárọ̀, mo máa ń kọjú sí ògiri yìí, mo sì máa ń sọ ọ́ sókè pé, “Àna rẹ̀ ni.” Kò sí ẹni tó ń gbọ́.